Ìwé Màmá Akínlàdé Tí Kọ̀ǹpútà Wa Ní Kò Sí

Ẹ dìde. Ẹ ṣí fìlà. Ẹ bá mi kí oyè tó ń ṣáájú orúkọ. Oyè, ìwọ tó ń ṣí ilẹ̀kùn kí olúwa rẹ tó kàn án. Ìwọ tó ń jókòó sí iwájú ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí orúkọ ṣì ń wá ibi dúró sí lẹ́yìn. Ẹni tó ní ọ̀kan, ó dà bí agboòrùn lórí rẹ̀. Ẹni tó ní mẹ́ta, ó ti di òrùlé. Ẹni tó ní márùn-ún, òjò kò ní pa á mọ́ láéláé, bẹ́ẹ̀ ni oòrùn kò ní mọ̀ pé ó wà lábẹ́ ibẹ̀.

Ní Èkó yìí, orúkọ tí kò ní nǹkan kan níwájú dà bí ẹni tó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì lọ sí báńkì. Wọ́n á dá a lóhùn, àmọ́ wọ́n á kọ́kọ́ wò ó láti òkè dé ilẹ̀.

Ó tó báyìí. Ẹ wá jókòó, kí n ro ẹjọ́ ohun kan tó ṣẹlẹ̀ sí mi fún yín. Mo ti ń gbìyànjú láti sọ ọ́ láti bí oṣù mélòó kan, mi ò mọ ibi tí mo lè gbà wọ̀ ọ́. Ibi oyè yìí ló rọrùn jù.

Mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ìkàwé kan ní Yaba. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí mo ṣì ń jẹun níbẹ̀. Èmi ni mò ń tọ́jú kọ̀ǹpútà tí àwọn èèyàn fi ń wá ìwé. Ẹ ó tẹ orúkọ òǹkọ̀wé tàbí àkọlé ìwé sí i, á sì sọ fún yín bóyá ìwé náà wà, àti pẹpẹ tó wà.

Kó tó dé, káàdì la ń lò, nínú àwọn dúrọ́ọ̀ onígi. Ẹ̀gbọ́n Ráúfù ló ń tọ́jú wọn. Wọ́n ti lo ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún níbẹ̀, àwọn náà ló sì ń kọ ìwé tuntun sínú àkọsílẹ̀ títí dòní. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, èmi ni wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí a ṣí i. Mo ní láti ọjọ́ náà lọ, a ò ní máa bi èèyàn léèrè ìwé mọ́, torí èèyàn a máa gbàgbé. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹ̀gbọ́n Ráúfù náà pàtẹ́wọ́, díẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan báyìí, obìnrin kan wọlé wá bá mi. Àǹtí Túnrayọ̀ lorúkọ wọn, wọ́n ń ta sípù àti òwú ìránṣọ ní ọjà Tejúoṣó. Wọ́n ti lé ní àádọ́ta ọdún. Wọ́n kí mi bí ẹni tó wọ ọ́fíìsì ìjọba, wọ́n di báàgì wọn mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Wọ́n ní nítorí màmá àwọn làwọn ṣe wá. Màmá Akínlàdé, tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọ́n ti di ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Nǹkan ti ń dàrú mọ́ wọn lójú díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ń fi iyọ̀ sí tíì. Wọ́n ń pe ọmọ wọn lórúkọ àbúrò wọn tó ti kú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í yí padà lẹ́nu wọn: pé àwọn kọ ìwé kan rí, ìwé pẹlẹbẹ, nípa eré táwọn ọmọdé ń ṣe lójúde ní Mushin, pé àwọn sì fi ọwọ́ ara àwọn gbé ẹ̀dà kan wá fún ilé-ìkàwé wa.

Àwọn ẹ̀dà tó wà nílé ńkọ́? Omíyalé ti kó wọn lọ tipẹ́. Àwọn ọmọ ò fi bẹ́ẹ̀ kọbi ara sí i nígbà náà, kò sẹ́ni tó rántí. Àwọn ẹ̀gbọ́n Àǹtí Túnrayọ̀ lọ́kùnrin ní àìsàn ló ń sọ̀rọ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sì ti sọ bẹ́ẹ̀, màmá á bú sẹ́kún bí ọmọ tí wọ́n fi ẹ̀sùn olè kàn.

Àǹtí ní, “Ẹ bá mi wò ó, sà. Tí mo bá lè gbé e lé wọn lọ́wọ́, wọ́n á mọ̀ pé orí àwọn ò tíì dàrú tán.”

Mo tẹ Akínlàdé. Òdo. Mo tẹ Deborah Akínlàdé. Òdo. Mo tẹ eré, mo tẹ ọmọdé, mo tẹ Mushin. Ìwé oríṣiríṣi jáde, tiwọn ò sí níbẹ̀. Mo yí ojú kọ̀ǹpútà sí wọn kí wọ́n fojú ara wọn rí òdo náà.

Wọ́n bi mí bóyá kò sí àgbà kankan níbí tó lè rántí.

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ mọ ẹ̀rín tí àwa tá a kàwé máa ń rín, tí eyín ò ní hàn? Òun ni. Mo ní Àǹtí, èèyàn ló ń gbàgbé, kọ̀ǹpútà kì í gbàgbé. Lákòókò tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, Ẹ̀gbọ́n Ráúfù wà ní yàrá ẹ̀yìn, kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ, wọ́n ń mu gàrí.

Wọ́n ní ṣé àwọn lè wọ àárín pẹpẹ, káwọn fojú wá a. Mo ní ìwé ibẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ojú lè wá lọ. Wọ́n wá ní ó dáa, kí n ṣáà bá àwọn kọ nǹkan kan sínú ìwé, kí àríyànjiyàn tó wà nílé lè tán.

Inú mi dùn sí ìyẹn gan-an. Ta ni wọ́n máa ń bẹ̀ pé kó kọ ìwé ẹ̀rí, tí inú rẹ̀ ò ní dùn? Mo mú bébà tó ní orúkọ ilé-ìkàwé lókè. Mo kọ ọ́ pé a ti fara balẹ̀ wá inú gbogbo àkọsílẹ̀ wa, pé kò sí ìwé kankan tí ẹni yìí kọ níbẹ̀, àti pé kò sí ẹ̀rí kankan pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà rí. Wọn ò bẹ̀ mí ní gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn. Ó kàn dùn ún kọ ni. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo buwọ́ lù ú, mo tẹ òǹtẹ̀ sí i. Àǹtí tẹ orúnkún díẹ̀, wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ.

Mo gbàgbé wọn kó tó di ìrọ̀lẹ́.

Bí oṣù méjì lẹ́yìn náà, wàhálà bẹ́. Ọkùnrin ńlá kan tó máa ń fún wa ní ẹ̀bùn kó àlejò wá. Mi ò ní dárúkọ òun náà, àyè ò sì tó. Ó fẹ́ fi àwọn ìwé tó kọ hàn wọ́n lórí kọ̀ǹpútà wa. Wọ́n tẹ orúkọ rẹ̀ níṣojú gbogbo wọn. Òdo. Wọ́n tún un tẹ̀. Òdo. Àlejò kan wúkọ́.

Kí wákàtí kan tó pé, ọ̀gá wa ti yan ìgbìmọ̀. Ẹ ṣàkíyèsí o. Nígbà tí ẹni tó ń ta sípù rí òdo, a fún un ní ìwé ẹ̀rí. Nígbà tí ẹni ńlá rí òdo, a yan ìgbìmọ̀.

Kí n ṣàlàyé díẹ̀, kó má baà rú yín lójú. Tí ẹ bá ń wá nǹkan, kọ̀ǹpútà ò ní lọ tú gbogbo àkọsílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Atọ́ka ló máa wò. Ẹ fojú inú wo Tejúoṣó: ẹ dé ẹnu ọ̀nà, ẹ bi obìnrin tó jókòó níbẹ̀ pé níbo ni wọ́n ti ń ta aṣọ tẹ́ ẹ wá rà. Tó bá wá jẹ́ ẹ̀yin lẹ̀ ń tajà, tí kò sì mọ ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ lè pàtẹ ọjà títí di alẹ́, kò sẹ́ni tí yóò wá. Ọjà yín wà. Àmọ́ obìnrin ẹnu ọ̀nà ti ní kò sí.

Nítorí náà mo tún atọ́ka kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àárọ̀ di ọ̀sán, jẹnẹrétọ̀ ń ké. Òdo. Mo pa ẹ̀rọ, mo tan án. Mo tún atọ́ka kọ lẹ́ẹ̀kejì, mo tún un kọ lẹ́ẹ̀kẹta. Òdo. Ọ̀gá wa ní kí a gbàdúrà. A gbà á. Ẹ̀gbọ́n Ráúfù tí í ṣe mùsùlùmí ṣe àmín sí gbogbo rẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́, nígbà tó tán, wọ́n rọra sún mọ́ mi.

Wọ́n ní, “Káyọ̀, ẹni tó bá kọ̀ láti gbé ẹrù, ó yẹ kó sọ ìdí tó fi kọ̀ ọ́. Ṣé ẹ̀rọ yìí ò ní ibi tó ń ro ẹjọ́ rẹ̀ sí ni?”

Ó ní in. Fáìlì kan wà tó máa ń kọ gbogbo ohun tó bá yọ ọ́ lẹ́nu sí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti pàtẹ́wọ́ fún mi, mi ò ṣí i rí.

Mo ṣí i. Ọ̀rọ̀ kan náà ló wà níbẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀: orúkọ yìí gùn ju àyè rẹ̀ lọ, mo fo àkọsílẹ̀ yìí.

Álífábẹ́ẹ̀tì ogójì ni wọ́n fi sílẹ̀ fún orúkọ. Orúkọ ìdílé ló yẹ kó ṣáájú, kí orúkọ àbísọ tẹ̀ lé e, ó tán. Àpótí kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún oyè. Ṣùgbọ́n ta ni á gbé oyè àgbààgbà sínú àpótí kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́, nínú àwa ọmọ Yorùbá? Gbogbo rẹ̀ la kó síwájú orúkọ. Kọ̀ǹpútà wò ó, ó rí i pé kò gbà á, kò bínú, kò pariwo. Ó kàn yọ ìwé náà kúrò nínú atọ́ka, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni àfi fáìlì tí mi ò kà.

Ìyẹn ni pé bí èèyàn bá ṣe ń tóbi sí i lọ́dọ̀ wa, bẹ́ẹ̀ ló ń di àwátì. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ní kí Ẹ̀gbọ́n Ráúfù wá wò ó. Àwa méjèèjì ń ka orúkọ náà sókè, à ń rẹ́rìn-ín: Olóyè, Ọ̀jọ̀gbọ́n, Alhaji, Ẹnjiníà, Àlùfáà Àgbà. À ń kà á lọ sísàlẹ̀. Ẹ̀rín Ẹ̀gbọ́n Ráúfù ló kọ́kọ́ dúró.

Ó wà níbẹ̀: Ìyá Wa Ọ̀wọ́n, Olùkọ́ Àgbà, Ìyáàfin Deborah Àbẹ̀kẹ́ Akínlàdé.

Ẹ̀gbọ́n ní, “Tíṣà mi nìyẹn.”

Wọ́n ní Màmá Akínlàdé kọ́ àwọn ní ìwé kẹta ní Mushin. Wọ́n ní àwọn ló gba ìwé náà lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wá, àwọn náà ló sì kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà nígbà tó dé. Wọ́n mọ òfin. Wọn ò lè ṣe é.

“Kí n kọ ‘Akínlàdé, Deborah’ lásán, bí ìgbà tí akọ̀wé kóòtù ń pe ọ̀daràn jáde? Obìnrin tó di ọwọ́ mi mú kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé? Káyọ̀, ká ní mo pè wọ́n bẹ́ẹ̀ lójú wọn, ẹgba ni.”

Màmá ò bẹ ẹnikẹ́ni ní oyè. Ìfẹ́ ni wọ́n fi tì wọ́n jáde nínú atọ́ka.

Ẹ̀gbọ́n Ráúfù dìde, wọ́n wọ àárín pẹpẹ, wọn ò bi kọ̀ǹpútà léèrè. Kí n tó nu ojú mi tán, wọ́n ti gbé e dé. Ìwé pẹlẹbẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ aláwọ̀ ewé, eruku bò ó. Orúkọ tó wà níwájú rẹ̀ kò ju D. A. Akínlàdé lọ.

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò fi sọ pé ìwé náà wà. Wọ́n ní fún ta? Ta ló bi àwọn? Ìgbà yẹn ni mo wá sọ ọ̀rọ̀ Àǹtí Túnrayọ̀ fún wọn, àti ti ìwé ẹ̀rí tí mo kọ. Wọn ò bú mi. Wọ́n jókòó. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: “Ṣé o tẹ òǹtẹ̀ sí i?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ kejì a wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé Màmá ní Ìdí-Òro. A kì í yá ìwé yẹn jáde, ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n Ráúfù gbé e sínú báàgì wọn, ó sì jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí wọn tí wọ́n mú ìwé láìkọ orúkọ sílẹ̀. Mo ti pe Àǹtí Túnrayọ̀ lórí fóònù pé a ń bọ̀. Mi ò sọ ìdí rẹ̀. Mo fẹ́ kí inú wọn dùn lójijì. Ẹ ò rí i, mo ṣì fẹ́ kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Màmá jókòó ní kọ́rídọ̀, wọ́n wọ súwẹ́tà, irun wọn funfun, ó mọ́ tónítóní. Ẹ̀gbọ́n Ráúfù, pẹ̀lú ewú orí wọn, dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sórí sìmẹ́ńtì.

Màmá ní ọmọ ta nìyí. Ẹ̀gbọ́n ní Ráúfù ni, ma, Ráúfù tó máa ń pẹ́ dé.

Màmá rẹ́rìn-ín músẹ́. “O ti jẹun?”

Ìgbà tí Ẹ̀gbọ́n yọ ìwé náà jáde, Àǹtí Túnrayọ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n kúnlẹ̀ síwájú ìyá wọn. “Màámi, ẹ wò ó. Ìwé yín rèé. Wọ́n ti rí i.”

Màmá gbà á. Wọ́n fi itọ́ ra àtàǹpàkò, wọ́n ṣí ojú ewé àkọ́kọ́, ẹnu wọn ń mì bí wọ́n ṣe ń kà á. Wọ́n kà á pẹ́.

Wọ́n ní, “Ó dáa. Ẹni tó kọ ọ́ gbọ́ Yorùbá. Ta ló kọ ọ́?”

“Ẹ̀yin ni, Màámi. Orúkọ yín ló wà níwájú yẹn.”

Wọ́n mi orí sí ọmọ wọn, bí ìgbà tí tíṣà ń mi orí sí ọmọ tó fẹ́ fún un ní ìdáhùn nínú ìdánwò. “Rárá o. Mi ò kọ ìwé kankan. Mo ti máa ń sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, irọ́ ni mò ń pa. Àwọn ará láíbìrì ti wò ó.” Wọ́n ní kí Túnrayọ̀ bá àwọn gbé Bíbélì.

Lẹ́tà mi ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ká a sí mẹ́rin, etí rẹ̀ ti ń ya.

Àǹtí rọra ṣàlàyé fún wa. Láti ọjọ́ tí lẹ́tà náà ti dé, Màmá ń kà á láràárọ̀ lẹ́yìn àdúrà. Lákọ̀ọ́kọ́ wọ́n sunkún. Nígbà tó yá wọn ò sunkún mọ́. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ àwọn èèyàn, àwọn ọmọ wọn lọ́kùnrin, pásítọ̀, ará ilé, pé kí wọ́n dárí ji àwọn pé àwọn ń fi ohun tí àwọn ò ṣe yangàn. Wọ́n lè gbàgbé oúnjẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ. Wọn ò gbàgbé lẹ́tà yẹn.

Ẹ̀gbọ́n Ráúfù ní láíbìrì yẹn gan-an la ti wá. Màmá wò mí, ni wọ́n bá ń gbìyànjú láti dìde, mi ò tètè mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Wọ́n fẹ́ kúnlẹ̀ ni. Mo sáré dì wọ́n mú.

“Ẹ má bínú, sà. Mo yọ yín lẹ́nu. Ọjọ́ orí ni.”

Sà. Èmi.

Mo ní Màmá, èmi ni mo kọ lẹ́tà yìí, àṣìṣe ni, ẹ̀rọ wa ló bàjẹ́, èmi ni mi ò wò ó dáadáa. Mo tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì. Àánú mi ṣe wọ́n. Wọ́n fọwọ́ tọ́ mi lápá. “Ọmọ dáadáa ni ẹ́. Wọ́n rán ẹ wá láti tù mí nínú. Ṣùgbọ́n dókítà ló buwọ́ lù ú. Wò ó níbí. Dókítà ò ní kọ irọ́ sílẹ̀.”

Ẹ̀gbọ́n Ráúfù wo ibi tí ìka wọn wà. Wọ́n wò mí.

Ẹ̀gbọ́n ṣáà gbé ìwé náà lé itan, wọ́n ṣí i sí ibì kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ eré kan tó wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n máa ń ṣe ní méjì-méjì ní kíkọjú síra. Màmá fetí sí i. Ọwọ́ wọn gbéra. Wọ́n bá a pàtẹ́wọ́ náà, àtẹ́lẹwọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, láìsí àṣìṣe kankan, títí dé òpin.

“Ta ló kọ́ ẹ?”

“Ẹ̀yin ni, ma.”

Màmá rò ó. “Ìyẹn lè jẹ́ òótọ́. Mo kọ́ ọmọ. Ìwé ni mi ò kọ.”

A ti tún àkọsílẹ̀ náà ṣe. Oyè ti wọ àpótí rẹ̀. Ìwé ọkùnrin ńlá yẹn ti ń jáde, ó sì ti fi lẹ́tà ìdúpẹ́ ránṣẹ́, ìlà mẹ́ta ni orúkọ rẹ̀ nìkan gbà. Tí ẹ bá tẹ Akínlàdé báyìí, ìwé màmá á yọ. Mo máa ń tẹ̀ ẹ́. Mi ò mọ iye ìgbà.

Mo kọ lẹ́tà mìíràn, òǹtẹ̀ tuntun, gbogbo òótọ́ wà níbẹ̀. Àǹtí Túnrayọ̀ ní àwọn kà á fún Màmá, wọ́n dúpẹ́, wọ́n fi sábẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Èyí àkọ́kọ́ ló ṣì wà nínú Bíbélì. Àwọn ọmọkùnrin wọn ti gbà pé ìwé wà. Gbogbo ilé ló gbà á báyìí. Ó ku ẹni tó kọ ọ́.

Ohun tí mo rí kọ́ kò pọ̀. Tí ẹ̀rọ bá ní kò sí, ẹ dìde lọ bi àgbà tó wà ní yàrá ẹ̀yìn. Tí ẹ̀rọ náà bá sì ní fáìlì ẹjọ́, ẹ máa kà á. Ẹ má sì ṣe kọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni láéláé pé kò sí ẹ̀rí pé ohun tó ṣe wà rí. “A ò tíì rí i” ti tó.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni wọ́n ti já nírọ́ lórí ìgbésí ayé ara rẹ̀ rí, tó sì jẹ́ pé òótọ́ ló ń sọ? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, màá kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Orúkọ yín lásán ti tó, ẹ jọ̀ọ́.

Ní ti dókítà tó buwọ́ lu lẹ́tà yẹn: mi ò gba oyè ọ̀mọ̀wé rí. Mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà ni, mi ò parí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mò ń kọ lẹ́tà náà, mo dé ibi orúkọ mi, ó dà bíi pé ó kéré lójú mi. Ni mo bá fi Dókítà síwájú rẹ̀.